Badmus Onípàkọ́

Bí ẹ bá dé Ìkàrẹ́ tí ẹ béèrè Badmus ayàwòrán, wọ́n á bi yín pé Badmus wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Badmus Onípàkọ́, ọmọdé pàápàá á mú yín délé. Orúkọ náà kì í bí i nínú mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ ẹ, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ara òun lòun fi wá a.

Gbogbo ènìyàn tí Badmus bá yà sára ògiri, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ sí wa. Àgbẹ̀ tó yà sára ṣọ́ọ̀bù alájílẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí títì, ó ń wo oko. Àwọn ọmọ tó yà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń rọ́ wọ kíláàsì lọ, báàgì wọn nìkan lẹ ó rí. Àwọn onígbàjámọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ní tiwọn, nítorí ìpàkọ́ la fi ń mọ irun tí wọ́n gẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ ní kó ya òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, Badmus ya agbádá àti fìlà rẹ̀ láti ẹ̀yìn, inú sì bí ọkùnrin náà. Ó ní ṣé ìpàkọ́ òun làwọn ará ìlú ó dìbò fún ni? Badmus ní, "Ọ̀gá, ìpàkọ́ yín náà kúkú ni wọ́n ó máa rí tẹ́ ẹ bá wọlé tán." Iṣẹ́ yẹn ò bọ́ sí i.

Bàbá rẹ̀ ló fa àṣà yìí. Àfáà ni bàbá ọ̀hún, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, kò sì fẹ́ kí Badmus kọ́ṣẹ́ àwòrán rárá. Ó ní lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, wọn ó kó gbogbo ohun abẹ̀mí tí ayàwòrán yà síwájú rẹ̀, wọn ó ní kó mí èémí sí wọn kí wọ́n dìde, kò sì ní lè ṣe é. Ọmọ bẹ̀bẹ̀, bàbá rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n wá bá ara wọn dé àárín méjì: ohun tí kò bá lójú, kò lẹ́mìí. Kó máa yà, ṣùgbọ́n kó má ya ojú. Ẹlòmíràn ìbá máa ya igi àti òdòdó jẹun. Ènìyàn ni Badmus fẹ́ràn àtimáa wò ní tirẹ̀, ló bá dá ọgbọ́n ẹ̀yìn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ti rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti agolo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," òun náà á sì gbè é, "ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni í rí tẹni." Báyìí, ẹ̀rọ ló ń tẹ báńà tí gbogbo ènìyàn fi ń polówó, ojú ẹni sì ń dán nínú rẹ̀ ju bó ṣe ń dán nínú dígí lọ. Iṣẹ́ tó kù fún Badmus kò ju kó kọ ọ́ sára ilé onílé pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ìyẹn kò ní ojú, kò ní ìpàkọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Limota ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú, Jamilah lorúkọ rẹ̀. Ibà ló pa Limota, nígbà tí Jamilah ò tíì mọ ìrìn. Fọ́tò kan péré ni wọ́n jọ yà, fọ́tò ọjọ́ nìkáì, ikán sì jẹ ẹ́ tòun tàpótí. Bí Jamilah ṣe dàgbà nìyẹn tí kò mọ ojú ìyá rẹ̀. Ó di télọ̀ ní Ìlọrin, ó lọ́kọ, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, títí ó fi bí Hafsoh. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àna rẹ̀ yẹ ọmọ wò títí, wọ́n ní kò jọ ẹnì kankan nílé àwọn. Wọ́n bi Jamilah pé, "Àbí ìyá rẹ ló jọ?" Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Àsíátù, àbúrò Limota, wà níbẹ̀, ó ti Ọ̀kà wá. Òun náà wo ọmọ. Ó ní, "Imú yẹn, bóyá. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń parẹ́ lọ́kàn mi." Ó wá fa Jamilah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bàbá rẹ̀ ya ojú ìyá rẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, sára ògiri ilé ìgbẹ̀bí kan ní Epinmi. Bó bá ṣì wà, òun ò mọ̀.

Nígbà tí ara Jamilah mókun tán, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wá sí Ìkàrẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí bàbá òun mú òun káàkiri kí òun fi fóònù ya gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀dà tuntun bò wọ́n. Badmus kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé kò sí télọ̀ tó ń ti Ìlọrin wá nítorí ìpàkọ́ àgbẹ̀. Ó ní, "Ọ̀nà ò dáa." Jamilah ní òun ti bá Bàbá Òkìkí sọ̀rọ̀, mọ́tò ti wà nílẹ̀.

Bàbá Òkìkí tí ó wí yìí ni Matthew, aládùúgbò Badmus, tó ní Gọ́ọ̀fù kan tó ti gbó ju ọ̀nà lọ. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Badmus láti kékeré, wọ́n sì ti bú ara wọn títí tí èébú fi di ìkíni. Bí wọ́n ṣe jókòó sínú mọ́tò ló ní, "Onípàkọ́, iwájú ni kó o máa wò o. Èmi ni mò ń wakọ̀."

Ní Ìkàrẹ́ gan-an, ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí Badmus ya orí mẹ́fà sí lára. Táìlì ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ń dán yanranyanran. Onígbàjámọ̀ jáde, ó kí wọn tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ó ní àwòrán wà lábẹ́ rẹ̀, òun ò jẹ́ kí wọ́n họ ọ́ kúrò. Badmus dúpẹ́. Jamilah ya fọ́tò táìlì náà bákan náà.

Wọ́n forí lé Ọ̀kà. Ọ̀nà ń gun òkè, ó ń lọ́, àpáta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn ò sì jẹ́ kí àpáta sinmi. Òmíràn ń sọ pé Jésù ń bọ̀, òmíràn ń sọ pé kí o rántí ìrun rẹ, òmíràn ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Níbì kan, Jamilah ní kí Bàbá Òkìkí dúró. Ẹnì kan ti ya ojú ọkùnrin kan gbàǹgbà sára àpáta, bóyá olórin, bóyá olóṣèlú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ti ṣí dànù. Ojú kan ló kù àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Níbi tó yẹ kí ẹnu wà, "ÀGBO" ló hàn síta.

Matthew rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Ó ní, "Ẹni tó ya èyí kò ṣe é dáadáa."

Badmus sún mọ́ ọn, ó fi àtàńpàkò kan etí ibi tó ń ṣí. "Ó mọ̀ ọ́n yà," ló wí. "Ọ̀dà ni kò mọ̀. Ọ̀dà elépo ni wọ́n fi kọ ti àgbo yẹn. Òun wá fi olómi lé e lórí. Olómi kì í di elépo mú. Bí òjò bá ti pa á díẹ̀, tí oòrùn sì sá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹyin sísè. Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá mọ èyí."

Ó sọ ọ́ tán, ó padà sínú mọ́tò lójijì. Jamilah rò pé oòrùn ló mú un. Wọ́n lọ kí Àsíátù, Àsíátù gbé iyán kalẹ̀, Badmus ò jẹ ju òkèlè mélòó kan lọ. Kò sì sí ohun tí Badmus fẹ́ràn tó iyán.

Ìkun ló kàn. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Matthew ni wọ́n lọ wò níbẹ̀. Nígbà tí ìjọ náà ń kọ́lé, Matthew ló ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ òun, wọ́n sì fẹ́ Olùṣọ́-Àgùntàn Rere. Badmus ya ọkùnrin aláṣọ funfun tó ń gun òkè lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, àwọn àgùntàn ń tẹ̀ lé e, ìrù nìkan là ń rí. Àlùfáà ìgbà náà ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó títí, ó ní, "Àbí Olúwa ń fi wá sílẹ̀ lọ ni?" Badmus dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ lé e, Bàbá. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ènìyàn, kí ló ń rí?" Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ni àlùfáà fi wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwòrán náà ṣì wà, àwọn obìnrin ìjọ ló ń fọ̀ ọ́, aṣọ olùṣọ́-àgùntàn sì mọ́ ju ti gbogbo wọn tó dúró síwájú rẹ̀ lọ. Ohun tí Badmus rí sọ kò ju pé, "Ẹsẹ̀ àgùntàn yẹn kúrú jù."

Wọ́n kúrò ní Ìkun. Ọ̀nà tó kù, ti Epinmi nìkan ni. Oko iṣu ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Hafsoh ti sùn. Badmus ló kọ́kọ́ lanu.

"Mo ti bò ó," ló wí.

Jamilah ní, "Kí lẹ bò?"

"Ojú ìyá rẹ. Ohun tó o torí ẹ̀ wá yẹn. Mo ti bò ó tipẹ́."

Inú bí Jamilah. Inú kì í tètè bí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dàgbà láìmọ ojú ìyá mi. Ẹ ti yà á, ẹ tún lọ fọwọ́ ara yín pa á rẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí n ti Ìlọrin wá."

Badmus ò bẹ̀ ẹ́. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ọjà. Ó ní nọ́ọ̀sì tó wà ní Epinmi nígbà yẹn fẹ́ ìyá ọlọ́mọ sára ògiri, kí àwọn obìnrin lè máa wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì náà ní obìnrin tí kò lójú, ta ni yóò tẹ̀ lé e wá? Limota bá òun lọ sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Jamilah wà lẹ́yìn rẹ̀. Limota ló ní, "Ya ojú mi. Àbí ojú mi burú ni, tó fi jẹ́ ìpàkọ́ lò ń yà ní gbogbo ìgbà?" Òun sì yà á. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ibà gbé e lọ. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, bàbá òun pe òun sábẹ́ máńgòrò. Kò bínú. Ó ní ẹ̀rù ọjọ́ ìbéèrè ń ba òun nítorí ọmọ òun, kí òun Badmus lọ bo ojú yẹn. Òun sì lọ. Òun ya gèlè àti èjìká lé ojú náà lórí, ó di ẹ̀yìn obìnrin bíi ti gbogbo àwọn yòókù.

Wọ́n kọjá afárá kékeré kan. Jamilah wá rántí àpáta Ọ̀kà.

"Bàbá, kí lẹ fi ya ojú yẹn?"

"Elépo."

"Kí lẹ wá fi bò ó?"

Badmus wo ojú fèrèsé. "Olómi."

Matthew mú ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tò sì rọra ń fà lọ. Jamilah ní, "Ẹ sì mọ̀ pé kì í di í mú."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ wá padà lọ wò ó?"

"Rárá. Bí mo bá lọ tí mi ò bá a ńkọ́? Bí mo bá sì lọ tí mo bá a ńkọ́?"

Matthew tún tẹ tọ́tù.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìgbẹ̀bí náà, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Gbogbo ògiri iwájú ti di funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Jamilah dúró lójú kan, ó ń mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ọmọ ò sunkún. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó tán nìyẹn. Badmus ò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Nọ́ọ̀sì kan jáde sí wọn, Florence lorúkọ rẹ̀, obìnrin tó sanra tó sì ń fi ojú rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá kan jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń fi èdè tiwọn sọ̀rọ̀, Florence sì dá wọn lóhùn ní èdè náà kó tó yí sí Yorùbá fún àwọn àlejò. Jamilah bi í bóyá àwòrán obìnrin kan wà lára ògiri yìí rí.

"Rí kẹ̀? Ó wà níbẹ̀," ni Florence wí. "Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ló wà. Nígbà tí àwọn akunlé wá, àwọn ìyá ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n dúró síwájú rẹ̀ ni, tọmọ-tọmọ."

Jamilah ní kí ló dé.

Florence ní nígbà tí wọ́n gbé òun wá síbí, ẹ̀yìn obìnrin lásán ni, gèlè búlúù lórí rẹ̀. Òjò ọdún kan rọ̀, etí yọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú kan là. Ẹ̀rù ba àwọn kan, wọn ò wá mọ́, òun ló lọ bá wọn nílé pé ọ̀dà ni. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára. Obìnrin tó bá gbé ọmọ kejì wá á kọ́kọ́ lọ wo ohun tó tún ti yọ láti ìgbà ọmọ àkọ́kọ́. Wọ́n tilẹ̀ fún un lórúkọ lédè wọn. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, yóò jẹ́ Ẹni Tó Ń Yíjú Bọ̀.

Matthew ti sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni…" kò sì parí rẹ̀.

Jamilah yí igun ilé náà. Limota wà níbẹ̀. Ojú òsì ti là, imú ti jáde, ẹnu pẹ̀lú. Gèlè búlúù ṣì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ojú ọ̀tún, ó ń ká sókè létí. Ó ń rẹ́rìn-ín, èjí sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Jamilah rí pé ìyá rẹ̀ ní èjí. Ó sọ Hafsoh kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e síwájú ògiri, ó fi ìka la ẹnu ọmọ náà wò. Èrìgì lásán ló wà níbẹ̀, eyín ò tíì hù. Ẹ̀rín pa Jamilah, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wẹ̀yìn. Badmus ti dé, ṣùgbọ́n kò yíjú sí ògiri. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo igi kan tó wà ní àgbàlá bí ẹni pé igi náà ló bá wá. Fìlà rẹ̀ àti ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni Jamilah ń rí.

"Bàbá," ló wí, "ẹ wá wò ó."

Ó pẹ́. Ó wá yípo, ó sì wò ó. Ó ní, "Mo gbé etí yẹn sókè jù."

Jamilah bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ibi tó kù. Badmus di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má họ ọ́. Wàá họ ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Fi omi rẹ ẹ́ kó rọ̀." Florence lọ gbé abọ́ omi wá, ṣùgbọ́n ó ń ṣiyèméjì. Ó ní àwọn ìyá ń retí òjò tó ń bọ̀, wọ́n á bá òun jà pé ta ló ṣí i.

"Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ rẹ̀ ni," ni Jamilah wí.

Badmus ki aṣọ ìnujú rẹ̀ bọ omi, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gèlè náà, Jamilah ń fi ìka ká ọ̀dà tó bá ti rọ̀. Ó ń ṣí ní pẹ́lẹ́ńbẹ́ pẹ́lẹ́ńbẹ́, ó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn ìyá dìde lórí bẹ́ńṣì, wọ́n wá dúró lẹ́yìn wọn, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí ojú ọ̀tún là tán, ojú méjèèjì jọ ń wo Badmus. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára ògiri.

Jamilah rántí ohun tí àfáà, bàbá bàbá rẹ̀, máa ń sọ lábẹ́ máńgòrò nípa ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹ̀rù bà á nítorí bàbá rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e síwájú yín, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mí sí i kó dìde ńkọ́?"

Badmus fi aṣọ tútù náà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Limota, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Kí wọ́n ṣáà ti ní kí n mí sí i," ló wí.